Ṣé ara ẹ̀fọn ló mọ́ oògùn inú àwọ̀n, àbí ohun mìíràn ló ṣẹlẹ̀?

Aláṣọ Ouando, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń fa àríyànjiyàn nínú agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́ níbí, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ lo àwọ̀n olóògùn sọ pé ẹ̀fọn tó bá bà lé e kì í pẹ́ ṣubú. Lónìí, a máa ń rí ẹ̀fọn tó bà lé àwọ̀n, tó sinmi lé e dáadáa, tó sì fò lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Bàbá tó dàgbà jù nínú ilé wa ní ara ẹ̀fọn ló ti mọ́ oògùn náà, gẹ́gẹ́ bí ara ọ̀mùtí ṣe ń mọ́ ọtí. Ọmọ mi tó wà ní CEG (ilé ẹ̀kọ́ girama) gbé ìwé SVT rẹ̀, ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, jáde, ó kà á sí wa létí pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo kì í yí padà, pé àpapọ̀ ẹ̀fọn ló ń yí padà láti ìran dé ìran. Bàbá wá bi í pé, bí kò bá sí ẹ̀fọn kankan tó yí padà, kí ni ohun tó yí padà nínú àpapọ̀ wọn? Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀, èmi náà kò sì rí.

Ìbéèrè kejì jẹ́ tèmi fúnra mi. Bí pípa tí oògùn ń pa ẹ̀fọn bá lè sọ ìran wọn di alágídí, ibà tó ti ń pa àwọn ọmọ wa láti ayébáyé ńkọ́? Kí ló dé tí àwa náà kò fi di ẹni tí ibà kò lè mú?

Olùkọ́ SVT, Kétu:

Ìyá wa, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìbéèrè tí wọ́n bi ọmọ náà gún régé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ń kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ láìṣàlàyé bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀mùtí tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí ni ẹni kan náà tó yó nígbà tó kọ́kọ́ mu ife kan; òun kan náà ni, ara rẹ̀ ló yí. Ti ẹ̀fọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn tó bà lé àwọ̀n lánàá tó sì kú, ó ti kú, kò sí ọ̀la tí oògùn yóò fi mọ́ ọn lára. Èyí tó bà lé e lónìí tí kò kú, kì í ṣe ti àná tó ti gbọ́n sí i. Òmíràn ni, ara tó yàtọ̀ ni wọ́n sì bí i mọ́. Ohun tó yí padà ni iye àwọn tó ní irú ara bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn: wọ́n kéré níye tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá pọ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ ara náà? Oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀n, bíi permethrin àti deltamethrin, wá láti ìdílé tí wọ́n ń pè ní pyrethroid, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣe ní àfarawé oró tó wà nínú òdòdó pyrethrum. Iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn ló ń bá jà. Iṣan yìí ní àwọn ojú ihò tíntìntín tó máa ń ṣí kí sódíọ̀mù lè wọlé, tó sì máa ń pa dé lójú ẹsẹ̀. Oògùn náà á há mọ́ ojú ihò, kò ní jẹ́ kó pa dé, iṣan á sì máa ta láìsinmi títí ẹ̀fọn yóò fi ṣubú. Purotéènì ni ojú ihò yìí, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkójọ àwọn èròjà kéékèèké tó so kọ́ra wọn ní ẹsẹẹsẹ. Nínú àwọn ẹ̀fọn kan, ẹyọ kan péré nínú àwọn èròjà náà, èyí tó wà ní ipò 1014, ti yí láti leucine sí phenylalanine, oògùn kò sì rí ibi há sí dáadáa mọ́. Kdr ni àwọn onímọ̀ ń pe ìyípadà yìí. Inú ẹyin ni ẹ̀fọn ti ń gbà á lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Kò sí ẹ̀fọn tó lè rà á, tàbí tó lè kọ́ ọ, lẹ́yìn tó bá ti jáde láyé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀fọn 1,000 ló wà ní àdúgbò kan, tí 10 péré nínú wọn ní àbùdá náà. Ká ní oògùn ń pa 9 nínú 10 lára àwọn tí kò ní in, ṣùgbọ́n 2 péré nínú 10 lára àwọn tó ní in. Nínú àwọn 990, yóò ṣẹ́ ku 99. Nínú àwọn 10, yóò ṣẹ́ ku 8. Àwọn tó yè yìí ni yóò bí ìran tó ń bọ̀, àwọn alágídí sì ti kúrò ní 1 nínú 100, wọ́n ti tó 7 tàbí 8 nínú 100. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò tó nǹkan bí 39 nínú 100. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan bí 84. Mo mú ìṣirò náà rọrùn o, nítorí pé ẹ̀fọn ń jogún àbùdá lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, kì í sì ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń pàdé oògùn, nítorí náà kì í yára tó báyìí nínú ayé gidi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé abo ẹ̀fọn lè yé ẹyin tó ju 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti pé láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin lè di tanwíjí kó sì di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọ̀pọ̀ ìran ẹ̀fọn ló ń kọjá láàárín ọdún kan.

Ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá nìyẹn: kò sí ẹ̀fọn tó yí padà, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àpapọ̀ wọn ṣe yí. Pípa tí oògùn ń pa àwọn kan tó sì ń fi àwọn kan sílẹ̀ ni à ń pè ní àṣàyàn àdánidá, èyí tí Darwin àti Wallace, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé síta ní ọdún 1858. Èrò Bàbá náà ti ní àgbà ọ̀mọ̀wé kan lẹ́yìn rí: Lamarck, ará Faransé, kọ ọ́ ní ọdún 1809 pé ohun tí ara bá fi ìlò àti àṣà kó jọ nígbà ayé ẹ̀dá lè di ogún fún ọmọ. Wọn kì í ṣe aláìgbọ́n rárá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán pẹ̀lú. Ní orílẹ̀-èdè wa Benin níbí, àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde ní ọdún 2007, níbi tí wọ́n ti fi Malanville, tó wà lẹ́bàá Odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, wé Ladji ní Kútọnù. Wọ́n ta àwọ̀n olóògùn sínú abà àyẹ̀wò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sí i lára. Ní Malanville, nǹkan bí 98 nínú 100 ẹ̀fọn tó wọlé ló kú. Ní Ladji, nǹkan bí 30 péré. Oògùn kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó bí ẹ̀fọn ibi méjèèjì yàtọ̀ síra.

Àgbẹ̀ Olówùú, Ṣábẹ̀ẹ́:

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àlàyé yín yé mi, àmọ́ mo rí ibì kan tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ ti fi 10 nínú 1,000 sínú ìṣirò yín kí oògùn tó dé. Ta ló fún àwọn 10 yẹn ní àbùdá náà? Bí oògùn kò bá tíì sí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, a ń fọ́n oògùn sóko òwú lọ́dọọdún, àwọn tó ń tà á fún wa sì máa ń sọ pé bí a bá ń lo èyí tí kò tó ìwọ̀n, kòkòrò á fi tọ́ ọ wò, á sì mọ ọ̀nà à ti bọ́. Ó jọ lójú mi pé oògùn náà fúnra rẹ̀ ló ń da nǹkan rú nínú ara kòkòrò, tí ìyípadà fi ń wáyé. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ibi tí ẹ tọ́ka sí yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ jà lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wù mí kí n sọ bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀, nítorí pé n kò mọ àyẹ̀wò tó dùn mọ́ mi nínú tó o.

Bakitéríà ni wọ́n lò, nítorí pé ó ń pọ̀ sí i kíákíá. Luria àti Delbrück kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn ní ọdún 1943 pé àwọn bakitéríà tó lè dúró de fáírọ́ọ̀sì ti wà kí wọ́n tó pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kì í tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ní ọdún 1952, tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Joshua àti Esther Lederberg, wá ọ̀nà tí ojú fi lè rí i. Wọ́n gbin bakitéríà sínú àwo pẹrẹsẹ kan tí kò ní oògùn kankan. Wọ́n mú aṣọ àrán tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n nà án lórí ìdí igi tó tẹ́jú, wọ́n sì rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwo náà, tó fi jẹ́ pé irun àrán kó díẹ̀díẹ̀ nínú bakitéríà gbogbo ibi tí ó kàn. Wọ́n wá tẹ àrán kan náà mọ́ àwọn àwo mìíràn tí oògùn tàbí fáírọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ bakitéríà kú nínú àwọn àwo olóògùn. Àwọn bíi mélòó kan yè. Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ojú ibì kan náà ni wọ́n ti yè nínú gbogbo àwo. Bó bá jẹ́ pé oògùn ló ń bí ìyípadà, ibi tó bá wù ú nínú àwo kọ̀ọ̀kan ni ìbá ti wáyé, kì bá tí bá ara mu. Wọ́n padà sí àwo àkọ́kọ́, èyí tí kò tíì rí oògùn rí, wọ́n bù lára bakitéríà tó wà ní ojú ibi wọ̀nyẹn gan-an, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ya irú èyí tí oògùn kò ràn sọ́tọ̀, láìjẹ́ pé òun tàbí àwọn òbí rẹ̀ pàdé oògùn náà lẹ́ẹ̀kan rí.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó fún àwọn 10 yẹn ní àbùdá náà nítorí ohun tí wọn yóò fi ṣe. Nígbàkúùgbà tí ara bá ń da jíìnì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, kọ láti fi bí ọmọ, àṣìkọ ń wáyé níbi kan, níbi kejì. Ọ̀pọ̀ nínú àṣìkọ wọ̀nyí kò ṣe ẹni tó ni ín ní nǹkan kan, àwọn kan ń pa á lára, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré ló sì máa ń wúlò, ìyẹn bí ohun kan bá dé tó sọ ọ́ di ohun ìlò. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kò sí irú àṣìkọ tí kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan. Kódà, àyẹ̀wò jíìnì fi hàn pé kdr yìí kò ti orísun kan ṣoṣo wá, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ti oògùn oko tí ẹ mẹ́nu bà, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Púpọ̀ nínú oògùn òwú wá láti ìdílé pyrethroid kan náà tó wà nínú àwọ̀n. Bí òjò bá rọ̀, á wọ́ ọ lọ sínú àbàtà àti kòtò tí tanwíjí ń gbé, tanwíjí tí kò bá sì lè fara dà á, kò ní di ẹ̀fọn. Báyìí ni àṣàyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀fọn tó rí àwọ̀n rárá. DDT, tí wọ́n fi bá ẹ̀fọn jà káàkiri ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ihò iṣan kan náà yìí ló ń bá jà, nítorí náà ẹ̀fọn tó ní kdr ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ má sì rò pé ọ̀ràn tuntun ni: ní ọdún 1914, Melander ti kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa kòkòrò ara igi eléso kan tí oògùn tí wọ́n ń fọ́n kò pa dáadáa mọ́.

Olùkọ́ SVT, Kétu:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa tó sọ̀rọ̀ tán yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un nítorí ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí n tó lọ sórí ìbéèrè kejì.

Àbùdá tó ń gbani lọ́wọ́ oògùn kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́. Láàárín ọdún 2008 sí 2010, wọ́n fọ́n oògùn bendiocarb sí ògiri inú ilé ní Adjohoun, Dangbo, Misséreté àti Sèmè, ní ẹkùn Ouémé wa yìí, nítorí pé pyrethroid kò ran ẹ̀fọn mọ́ dáadáa. Ẹ́ńsáìmù kan (irú purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara) tó ń pa ìró ẹnu iṣan rẹ́ ni bendiocarb ń dè mọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀fọn kan ní ẹ̀dà ẹ́ńsáìmù náà tí oògùn kò lè dè, tí jíìnì rẹ̀ ń jẹ́ ace-1, ṣùgbọ́n ẹ̀dà yìí lọ́ra lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ju ti àtilẹ̀wá lọ púpọ̀. Níbi tí oògùn bá wà, òun ló ń yè. Níbi tí oògùn kò bá sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta á yọ, ó sì ń dín kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbà wá níyànjú láti máa pààrọ̀ oògùn, kí a má fi ìdílé kan ṣoṣo lu ẹ̀fọn tàbí kòkòrò òwú lọ́dọọdún. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ti rí àwọn ẹ̀fọn kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí jíìnì ace-1 wọn di méjì lórí okùn kan náà, ọ̀kan jẹ́ ti àtilẹ̀wá, èkejì jẹ́ alágídí, tí wọ́n fi ń jẹ àǹfààní ìhà méjèèjì. Àṣìkọ ló bí èyí náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni pípààrọ̀ oògùn ti ń pàdánù agbára rẹ̀, kò sì yẹ kí a máa sọ ọ́ fún àgbẹ̀ bí ẹni pé òun ni òpin ìṣòro.

Ìwà ẹ̀fọn pàápàá ń yí. Ní agbègbè Ouidah, lẹ́yìn tí wọ́n pín àwọ̀n káàkiri, àwọn onímọ̀ rí i pé irú ẹ̀fọn kan, Anopheles funestus, wá ń jẹ ènìyàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ní àkókò tí àwọn kan ti jáde kúrò nínú àwọ̀n.

Ó wá kan ìbéèrè kejì, ìyá wa. Ibà ti yí ìran wa padà o. Apá kan ìyípadà náà la mọ̀ sí àìsàn. Nínú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì yí padà, ipò kẹfà purotéènì náà sì di valine dípò glutamic acid. Ẹni tó gba irú jíìnì yìí, tí wọ́n ń pè ní S, lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni SS, tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ẹni tí kò gbà á rárá ni AA. Ẹni tó gba ẹyọ kan ni AS. Ara rẹ̀ sábà máa ń le, ibà líle kì í sì í tètè pa á ní kékeré. Anthony Allison ló fi èyí hàn ní ọdún 1954, nígbà tó rí i ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ibi tí ibà bá ti gbilẹ̀ ni S ti pọ̀. Bí ẹni AS méjì bá fẹ́ ara wọn, lórí oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìdá kan pé yóò jẹ́ AA, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS. Láyé tí oògùn ibà kò tíì sí, àìsàn ń pa SS, ibà ń mú AA lọ, AS ló ń rí àyè dàgbà, tó ń bímọ, ju àwọn méjèèjì lọ. Ìdí nìyí tí S kò fi parẹ́, tí kò sì gba gbogbo ìlú. Àwọn onímọ̀ jíìnì tilẹ̀ fi orúkọ orílẹ̀-èdè wa, Benin, pe ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí àbùdá S tó wà láyé.

Nítorí náà, àṣàyàn àdánidá kò wá ohun tó dára jù fún wa. Ohun tó bá wà nílẹ̀ tó sì mú kí àwọn kan bímọ ju àwọn mìíràn lọ ló ń gbilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pa ọmọ ẹlòmíràn. Àwa ènìyàn sì ń lo bí ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìran kan. Kòkòrò ibà fúnra rẹ̀, Plasmodium, kò dúró dè wá: òun ló sọ nivaquine (chloroquine), oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀, di oògùn tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ọ̀nà tó gbà ṣe é kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀fọn.

Aláṣọ Ouando, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn gba ti aṣọ àrán, ṣùgbọ́n àwọn kò tíì gba ti Lamarck, pé ẹ má fi àwọn ṣe ẹgbẹ́ ará Faransé. Ìbéèrè kan ló kù mí kù: ṣé kí n kó àwọ̀n mi dànù ni?

Òṣìṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò, Àjàṣẹ́:

Rárá o, ìyá mi, ẹ má dán an wò. Àwọ̀n tí kò ya ń dí ẹ̀fọn lọ́nà, bí oògùn rẹ̀ tilẹ̀ ti rẹ̀; àwọn àwọ̀n tí Olùkọ́ sọ nípa wọn ní Ladji ní ihò lára, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí i ni. Ẹ rán ibi tó bá ya, kí ẹ sì máa tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí mátírẹ́ẹ̀sì.

Bí ẹ bá fẹ́ gba tuntun, ẹ wo àkọlé tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé deltamethrin tàbí permethrin nìkan ló wà níbẹ̀, irú ti àtijọ́ ni. Bí ẹ bá rí PBO pẹ̀lú rẹ̀, èròjà yẹn ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀fọn fi ń fọ́ oògùn túútúú. Bí ẹ bá rí chlorfenapyr, oògùn ìdílé mìíràn ni, kò sí ohun tó kan ojú ihò iṣan. Ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀fọn alágídí fi ń fọ́ pyrethroid gan-an ló ń sọ ọ́ di oró nínú ara ẹ̀fọn. Wọ́n dán an wò ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, ní Benin wa níbí, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2023: láàárín ọdún méjì, ibà tó mú àwọn ọmọdé tó wà lábẹ́ àwọ̀n yìí fi nǹkan bí 46 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó wà lábẹ́ àwọ̀n pyrethroid nìkan. Àṣàyàn yóò bẹ̀rẹ̀ lórí òun náà, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi èyí àti ti pyrethroid nìkan lọ̀ yín, ẹ mú eléyìí.